Ìdánwò Tí Mo Kọ Lórúkọ Rẹ

Agbẹjọ́rò, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Màmá, mo sì kí àbúrò rẹ obìnrin tó pè mí lórí fóònù. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kí ó sì bá ìwọ ní ìjókòó, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣe é gbọ́ ní ìnàró. Ojú ń tì mí. Ó tì mí débi pé n kò lè pè ọ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ. Mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà pẹ̀lú "lórúkọ gbogbo àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́," ṣùgbọ́n mo pa á rẹ́. Orúkọ ara mi nìkan ni mo ní láti fi sọ̀rọ̀.

Àbúrò rẹ ti ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ fún mi. Ó ní o fẹ́ yọ ìwé atúmọ̀ èdè kan tí o kò lò mọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, o tẹ àṣẹ, kọ̀ǹpútà dáhùn pé, "Ó ti parí," ohùn tí ń ka ojú kọ̀ǹpútà fún ọ sì dákẹ́ lójijì. Ó ní o jókòó síwájú ẹ̀rọ tó yadi náà títí ọ̀gá rẹ fi wọlé, ọ̀gá tí kò fìgbà kan gbà pé afọ́jú lè dáhùn lẹ́tà àwọn oníbàárà. "Mo ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni gbogbo ohun tó sọ. Wọ́n ṣì ń dán ọ wò lẹ́nu iṣẹ́ náà ni, wọn kò tíì gbà ọ́ tán. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò sọ bóyá kí o máa bọ̀ tàbí kí o jókòó sílé.

Kì í ṣe ìwọ lo ṣi àṣẹ tẹ̀. Èmi ni mo ṣe é.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti jáde ilé-ìwé gíga ni mo ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe ètò tí ń bá ènìyàn kó àwọn ètò mìíràn wá sórí kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń kó wọn kúrò. Kò ní àwòrán kankan. O tẹ àṣẹ, ó fi ọ̀rọ̀ dá ọ lóhùn. Iṣẹ́ tèmi ni láti dán ìdáhùn náà wò. N ó kọ ohun tó yẹ kí ó sọ sílẹ̀, n ó pa àṣẹ fún un, n ó sì fi èyí tó sọ wé èyí tí mo kọ. Bí wọ́n bá fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀, ìdánwò yóò pupa lójú kọ̀ǹpútà, àmì pé ó kùnà. Bí wọ́n bá bára mu, yóò tutù bí ewé. Mo máa ń fi iṣẹ́ yìí yangàn pé àwa ni a ń gbẹnu sọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ṣé o rántí yàrá wa, bí ohùn kọ̀ǹpútà rẹ, tí a sọ ní Ìyá Aláròyé, ṣe máa ń ka ìlà àwọn àmì dọ́gba tí ètò fà láti fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ? "Dọ́gba, dọ́gba, dọ́gba," títí ìwọ yóò fi sọ ìrọ̀rí lù ú. Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí yẹn ni mo gbé lọ sí ìpàdé ibi iṣẹ́ wa. Mo dìde, mo ní ariwo wa ń ni àwọn afọ́jú lára, mo ní ìdájọ́ òdodo ni kí ètò wa máa sọ̀rọ̀ ṣókí fún ẹnikẹ́ni tí ohùn bá ń ka kọ̀ǹpútà fún. Obìnrin tó jẹ́ olórí wa bi mí bóyá mo ti béèrè lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Mo dáhùn pé, "Mo bá ọ̀kan gbé yàrá, mo mọ inú wọn." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìwọ tí a sọ ní Agbẹjọ́rò nítorí pé o máa ń bá olùkọ́ jiyàn lórí máàkì kan ṣoṣo ni mo lọ ṣe agbẹjọ́rò fún, láìjẹ́ pé o bẹ̀ mí lọ́wẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, kí ètò wa tó yọ ohunkóhun, ó máa ń ka orúkọ gbogbo ohun tí yóò bá a lọ, á sì béèrè bóyá kí òun tẹ̀síwájú. Bí mo ṣe ń pa àwọn "dọ́gba" rẹ́, mo rò pé orúkọ rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀ yóò sú etí pẹ̀lú. Mo yọ orúkọ, mo yọ ìbéèrè, mo fi "Ó ti parí" nìkan sílẹ̀, mo sì kọ ìdánwò tí ń ṣọ́ ètò náà kí ó má baà sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ tutù bí ewé. Ohùn rẹ sì rèé, ìwé atúmọ̀ èdè yẹn ló fẹ̀yìn tì láti mọ bí a ti ń pe ọ̀rọ̀; bí ọ̀kan ti lọ, èkejì tẹ̀lé e. Àwa tí a ríran ṣì ń rí orúkọ wọ̀nyẹn kí a tó dáhùn. Ẹ̀yin ni mo fi í dù.

Àbúrò rẹ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo lo rán òun sí mi: "Sọ fún un pé ojú mi ló fọ́, etí mi kò di." Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. N kò mọ̀ pé abẹ ti wà lọ́wọ́ mi.

A ti dá orúkọ àti ìbéèrè padà. Ní ti ìdánwò náà, mo pa ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ rẹ́, mo sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Nítorí náà, ó ń pupa láràárọ̀ lójú gbogbo wa. Olórí wa béèrè ìgbà tí n ó tún un ṣe. Mo ní ó ń dúró de ẹni tó ni ín, ìyẹn ìwọ, kí o sọ ohun tó yẹ kí a kọ síbẹ̀.

Mo tún kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ, mo ṣàlàyé pé ẹ̀bi wa ni, olórí wa sì buwọ́ lù ú. Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì tí n ó fi fi í ránṣẹ́ kí n tó rí i pé orí kan náà ni mo tún fẹ́ fá. Mo so ó mọ́ èyí. Tún un kọ, fi ránṣẹ́, tàbí kí o sọ ọ́ nù. Bí o bá fẹ́ kí n wá dúró níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, n ó wá, ohun tí o bá ní kí n sọ ni n ó sọ. Bí o kò bá fẹ́, n ó jókòó sí àyè mi.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí àṣìṣe ẹlòmíràn di ẹjọ́ rẹ. Kí ẹnu rẹ má ṣe wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ rẹ.

Èmi ni ará yàrá rẹ ìjọ́sí, ọ̀rẹ́ rẹ síbẹ̀, bí o bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀.

==========

Àfikún: Mo gbọ́ pé ẹ ti rí ohùn dá padà. Kí n tó fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, mo di ojú mi, mo jẹ́ kí irú ohùn kan náà kà á fún mi. Nígbà tó dé ìlà tí mo fà sábẹ́ ìdágbére mi, ó bẹ̀rẹ̀: "Dọ́gba, dọ́gba, dọ́gba." Mo gbọ́wọ́ lé e láti pa á rẹ́, mo sì dáwọ́ dúró. Ó ṣì wà níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí n yọ ọ́, sọ fún mi.