Ohun Tó Wọ́n Jù Ní Àdúgbò Wa

Moshie Zongo,
Tamale.

Ummuhani Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Accra? Ṣé ara ọkọ rẹ le, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa ńlé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, orúnkún bàbá rẹ nìkan ló ń ṣe bó ṣe wù ú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ, àmín.

A gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe igbákejì ọ̀gá pátápátá ní yunifásítì yín, pé ìwọ lo ń rí sí àjọṣe yunifásítì pẹ̀lú àwọn ará ìlú. Barka! Bàbá rẹ ti pín obì ní mọ́sálásí. Fauziya ará ilé kejì bi mí pé irú iṣẹ́ wo gan-an nìyẹn, mo ní ṣe ni ọmọ mi máa ń lọ kí àwọn èèyàn kiri, á jókòó tì wọ́n, á bi wọ́n pé kí ló ń dùn wọ́n, wọ́n á sì san owó oṣù fún un. Háà, Fauziya figbe ta! Ó ní ogójì ọdún lòun ti ń kí gbogbo Zongo yìí, kò sẹ́ni tó fún òun ní pẹ́sẹ́wà kan. Jọ̀ọ́, tí àyè bá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, má gbàgbé Fauziya.

Àwọn èèyàn rẹ láti yunifásítì dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n ń bi wá ní ìbéèrè. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Safia ni, ó wọ gíláàsì ojú, ó gbé fóònù kan tó fẹ̀ tó wàláà ilé kéú dání. Ó ní mélòó ni wá nínú ilé, mo ka ìwọ náà mọ́ wa. Ó ní ǹjẹ́ a ti bá yunifásítì wọn da nǹkan pọ̀ rí, mo ní ọdún méjì gbáko ni ọ̀gá wọn fi mu ọmú mi. Ó wá ní kí n mú ohun kan tó wọ́n jù ní àdúgbò wa: omi, iná, ojú ọ̀nà, gọ́tà, tàbí nǹkan mìíràn. Fauziya ti ń pariwo gọ́tà láti ẹ̀yìn. Mo ní nǹkan mìíràn. Ó ní kí ni, mo ní kó kọ Ummuhani síbẹ̀. Ó di ọdún mẹ́rin báyìí tí o ti jẹun nílé yìí gbẹ̀yìn. Safia rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ mo dúró tì í títí ó fi kọ ọ́.

Ó tún gbé wàláà náà sókè, ó ní láti ojú ọ̀run ni wọ́n ti ń rí ilé wa, pé ọ́fíìsì yín ní Accra ti wá mọ ibi tí a wà, wọn ò lè ṣìnà mọ́. Inú mi dùn gan-an, torí mo ti ń rò ó pé bóyá ọ̀nà ilé ló dàrú mọ́ ọ lójú.

Ó ní láàárín oṣù kan, ọ̀gá àwọn fúnra rẹ̀ á wá jíṣẹ́ ohun tí wọ́n rí fún àwọn tó dáhùn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ra ẹtù kan, ẹyẹ awó, sílẹ̀ dè ọ́. Oṣù kan ti di méjì. Ẹtù ti sanra, ó ń lé ewúrẹ́ bàbá rẹ kiri, owó àgbàdo tó ti jẹ sì ti ju owó tí mo fi rà á lọ. Bàbá rẹ ní ká pa á jẹ, mo ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án títí ẹni tó ni ín á fi dé.

O ti kí ará ibi gbogbo tán, ọmọ mi, ilé làbọ̀ sinmi oko. Àárò rẹ ń sọ mí. Owó tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀: fi owó àgbàdo ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ, tàbí kí o gbé ẹnu rẹ wá jẹ ẹtù.

Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọ, pàápàá ọ̀nà Tamale.

Ìyá rẹ,
Wúlẹ̀mọ̀tù