Bí Kòtò Ṣe Di Títìpa

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Wọ́n fẹ́ ti Kòtò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ojú mi lè rí i, torí ọkàn mi ò tíì gbà á.

Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi, ló sọ ọ́ lọ́sàn-án yìí. Èmi ń nu gíláàsì, Gìrìpá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń to àga. Bọ̀dá ṣáà dúró sí ìdí àtẹ̀gùn, kò tiẹ̀ jókòó, ó ní tí oṣù yìí bá ti parí, Kòtò náà parí nìyẹn. Baba Onífóòmù fẹ́ gba ilé rẹ̀, ó fẹ́ máa kó ẹrù síbẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ ń to àwo orin rẹ̀ bíi pé òjò ló sọ pé ó fẹ́ rọ̀.

Gìrìpá bú sẹ́kún. Ọkùnrin tó máa ń gbé ọ̀mùtí méjì jù síta lẹ́ẹ̀kan náà! Èmi ò sunkún. Gíláàsì kan náà ni mò ń nù títí ó fi gbóná lọ́wọ́ mi.

Jẹ́ kí n kọ bí Kòtò, ilé ijó wa, ṣe rí, kó má bàa parẹ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀kùn irin kékeré kan, àtẹ̀gùn tó gùn lọ sísàlẹ̀, tí ẹni tó bá ga gbọ́dọ̀ tẹ orí ba. Yàrá kan ṣoṣo lábẹ́ ilẹ̀. Fóòmù la lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri kí ariwo má bàa jáde. Baba Onífóòmù, onílé wa, ló fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Òógùn, bíà, ọ̀rinrin. Mi ò mọ ibòmíràn tó burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn tún fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan máa ń ti ibi iṣẹ́ wá tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. Àwọn bíríkìlà máa ń wá pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lára bàtà. Obìnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, igun ló kọ́kọ́ ń jókòó sí, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Òun ló ń kó gbogbo wọn jó báyìí. Arẹwà-Igun ni mò ń pè é nínú ọkàn mi.

Bọ̀dá ń gbé orin sí i, èmi ń ta ọtí. Mo fi iṣẹ́ ilé ìtura sílẹ̀ lọ́jọ́ tó wí fún mi pé, "Àbúrò, wá, jẹ́ ká jọ ṣe é."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Oorun kọ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí. Kí ni màá máa ṣe?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀rọ̀ ti jáde. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bú Baba Onífóòmù. Ahun. Olójúkòkòrò. Bíríkìlà kan ní bí òun bá tún ra bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ bàbá yẹn, kí orí òun má gba oorun mọ́. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mò ń padà sílé, mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè kí mi láàárín àwọn bẹ́ẹ̀dì tó tò gogoro. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ ONÍWỌRA sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tóbi.

Bọ̀dá ò bá wọn bú u. Kò sì ní kí wọ́n má bú u. Ó kàn ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Èrò pọ̀ lónìí ju bó ṣe máa ń rí lọ. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò mọ bí màá ṣe kọ ọ́.

Bọ̀dá gbé orin kan lé orí òmíràn. Gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ bó ṣe ń so orin pọ̀ tí o ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Lónìí, méjèèjì ń jà. Ọ̀kan ń sáré, èkejì ń wọ́lẹ̀. Àwọn tó ń jó dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Bọ̀dá ò mọ̀. Ó di ojú, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fi kọ̀ǹtà sílẹ̀, mo lọ fọwọ́ kàn án léjìká. Ó fò bíi pé mo sun ún níná.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wò ó ṣáá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo lọ kí Bọ̀dá nílé. Ó ń fọ mọ́tò. Mo pè é láti ẹ̀yìn. Mo tún un pè. Mo wá pariwo orúkọ rẹ̀ tí ará ilé kejì fi yọjú. Ìgbà tí òjìji mi ṣubú sí iwájú rẹ̀ ló tó yíjú. "Ha, Àbúrò! O mà yọ́ wọlé bí olè."

Mi ò yọ́ wọlé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá



Mo tún gba iwájú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀dì kọjá láàárọ̀. Baba Onífóòmù fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, ó ń fi kẹrosíìnì àti àkísà fọ ọ̀dà. Bàbá àgbàlagbà. Ó ti fọ O àti N kúrò. Àánú ṣe mí, ṣùgbọ́n mo ti dorí kodò láti kọjá, nígbà tó sọ pé, "Ìwọ náà, ọmọ mi? Ìwọ náà ò kí mi mọ́?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Baba. Inú ń bí wa ni."

Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó wò mí lójú. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ò sọ fún ọ?"

Mo ní kí ni.

Ó ní òun ti ṣèlérí. Ó tún wo ilẹ̀kùn rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun ò lé ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹrù kankan tí òun fẹ́ kó síbẹ̀. Ṣé mo rí i pé òun ń tajà tó bẹ́ẹ̀ ni? Bọ̀dá ló wá bá òun lẹ́yìn ọdún tuntun, ó ní òun ò ṣe mọ́. Òun bẹ̀ ẹ́ títí. Bọ̀dá kọ̀. Ó wá ní kí Baba bá òun gbé ẹ̀bi náà, torí òun ò lè dúró níwájú àwọn èèyàn kí òun sì sọ pé òun lòun tì í.

"Mo rò pé ìwọ mọ̀," ni Baba wí.

Mo gba àkísà lọ́wọ́ rẹ̀. A jọ fọ Í. Kò lọ dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo lọ bá ìyàwó Bọ̀dá ní ibi iṣẹ́ ìránṣọ rẹ̀. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Àǹtí, mo ti ní kó sọ fún yín. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi bó."

Etí ni. Ti òsì ti lọ tipẹ́. Ti ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Dókítà ní kó jìnnà sí ariwo, ó tún fún un ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí. Inú àpótí aṣọ ló wà, kò lò ó rí.

Mo ní, ó dáa, tí kò bá lè gbé orin sí i mọ́, ṣé kò sí ẹlòmíràn láyé ni? Kí ló dé tó ní láti pa á rẹ́?

Ó nu imú. Ó ní Bọ̀dá sọ ọ́ lóru ọjọ́ kan pé bí òun ò bá ní gbọ́ ọ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ.

Mo rìn dé ilé. Mi ò wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ta ọtí. Mi ò bá Bọ̀dá sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé mi ò bá òun sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

A ti sọ ọ́. Kò sí bó ṣe yẹ kí n kọ ọ́ tó máa dùn.

Mo ti ilẹ̀kùn irin, mo dúró síwájú Bọ̀dá níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ sí ojú mi. Mo ní mo mọ̀. Ó ní mo mọ kí ni. Mo fọwọ́ kan etí mi. Ojú rẹ̀ yí padà, ó wá rẹlẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ìyẹn kọ́ ni mo bá wá. Mo ní kí ló dé tí kò fi bi mí bóyá mo lè máa bá a lọ? Mo mọ gbogbo èèyàn. Mo mọ ẹni tó ń bá ìyàwó jà, mo mọ ẹni tí kò yẹ kó mu ìgò kejì. Mo mọ orin tí wọ́n fẹ́ kí òun alára tó mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Àbúrò, Kòtò kì í ṣe ilé ọtí."

Ohun tó wí nìyẹn. Èmi ni ilé ọtí náà.

Mi ò pariwo. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n kó sọ òtítọ́ fún àwọn èèyàn kó tó di ọjọ́ ìkẹyìn, torí bàbá olóòótọ́ kan ń fọ ọ̀dà lórí ọ̀rọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó ní òun á sọ ọ́. Ó fi àjọbí wa búra.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Wọ́n ti fọ́ gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù Baba Onífóòmù. Òkúta. Ó wà nínú ilé nígbà náà. Wọ́n rán iwájú orí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló rán an, ó sì mọ ibi tí òkúta ti wá, torí nínú Kòtò ló ti gbọ́ tí wọ́n ń pète rẹ̀ bí eré.

Èmi náà wà níbẹ̀. Èmi ni mò ń gbé ọtí wọn wá.

Mo ránṣẹ́ sí Bọ̀dá. Ó dáhùn pé: ọjọ́ Àìkú, mo ti ṣèlérí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ijó ìkẹyìn. Ọ̀sán la bẹ̀rẹ̀, kí àwọn abiyamọ lè wá. Kò sí ibi tí a lè gbé ẹsẹ̀ sí. Wọ́n jókòó lórí àtẹ̀gùn, wọ́n dúró lórí àga, wọ́n ń já fóòmù ara ògiri wẹ́wẹ́ fi pamọ́ sápò. Arẹwà-Igun wọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ àtijọ́, ó ní nínú Kòtò nìkan lòun ti lè wọ̀ ọ́ láìsunkún. Mo rò nínú ara mi pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀.

Ìgbà tó yá, Bọ̀dá dá orin dúró. Ó gba máìkì. Ó dúpẹ́. Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mò ń retí. Ó wá ní, "Ẹ má bínú sí Baba tó wà lókè. Àgbà ni. Ilé rẹ̀ ni, ó láṣẹ lórí rẹ̀."

Ó parí. Ó gbé máìkì sílẹ̀.

Wọ́n hó. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Ẹnì kan kígbe pé kí àwọn lọ fọ́ èyí tó kù, wọ́n sì fi ẹ̀rín sí i. Mo rí orí bàbá yẹn tí wọ́n fi òwú rán. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò ní ìdí kọ̀ǹtà.

Mo gba máìkì. Mo ní, "Baba kọ́ ló ti Kòtò. Àwa la tì í, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ó bẹ̀ wá pé kí a má lọ, a kọ̀. Ẹ fi bàbá yẹn sílẹ̀." Mi ò dárúkọ etí. Ìyẹn, ẹnu ara rẹ̀ ni kó fi sọ ọ́.

Arẹwà-Igun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ tà wá." Wẹ́rẹ́ báyìí. Bíà wá dé láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó bà mí lójú, ó tutù. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òpùrọ́. Ọ̀dàlẹ̀. Mo wo Gìrìpá, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn wá. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó wo ibòmíràn.

Mo yíjú wo Bọ̀dá.

Ó ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yìn mi ló wà, kò rí ẹnu mi. Ó rò pé mò ń dágbére fún wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Irun mi ṣì ń rùn bíà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Gìrìpá wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ wọlé. Ó ní Bọ̀dá bi òun ní ìdí tí gbogbo èèyàn fi lọ láìdágbére fún un. Òun dáhùn pé nítorí ohun tí mo fi máìkì sọ ni, kò gbọ́. Òun tún un sọ, kò gbọ́. Òun wá pariwo rẹ̀ sí etí rẹ̀, ìgbà yẹn ló tó yé òun pé etí rẹ̀ ti di. "Àǹtí, ẹ̀rù bà mí." Bọ̀dá dìde. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀dì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Baba Onífóòmù lójú àwọn oníbàárà, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀, àti ti etí.

Gìrìpá ní òun ló gbá gíláàsì tó kù lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n dárí ji òun. Mo ní ó dáa. Mi ò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Baba Onífóòmù ránṣẹ́ pè mí. Mo bá Bọ̀dá níbẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kan tí wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá lára rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré yẹn wà létí rẹ̀. Ó jọ pé ó ń yún un.

Baba ní kí n gbọ́ òun dáadáa. Kò sí ẹlòmíràn tí òun fẹ́ gbé yàrá ìsàlẹ̀ fún. Èmi ni, bí mo bá fẹ́. Ó ti bá Bọ̀dá sọ ọ́.

Bọ̀dá na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Ó ní, "Àbúrò, ó yẹ kí n ti bi ọ́ láti ọjọ́ kìíní. Mo fojú kéré rẹ. Ṣé wàá gbà á? Àwo orin mi, tìrẹ ni gbogbo wọn."

Ká ní ó sọ ọ́ lóṣù tó kọjá ni, mi ò bá ti fò mọ́ ọn lọ́rùn. Mo wo iwájú orí Baba. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òkúta. Mo rántí Arẹwà-Igun nínú aṣọ funfun, bó ṣe wò mí. Mo wá inú ara mi bóyá ibì kan ṣì wà tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn. Mo wá a dáadáa.

Mo ní, "Rárá, Bọ̀dá."

Ó tẹ ẹ̀rọ etí rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú. "Kí lo wí?"

Mo tún un sọ, díẹ̀díẹ̀, kó lè rí ẹnu mi.

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín wa. Kò sẹ́ni tó mú un. Mo kúnlẹ̀ kí Baba, mo jáde. Oòrùn mú gan-an níta, àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Mo dúró lẹ́bàá títì fún ìgbà díẹ̀, torí mi ò mọ ọwọ́ tí ó yẹ kí n yà sí.