Àpótí Ìwé Tí Wọ́n Kó Dànù Lẹ́yìn Rẹ

Ọdún mẹ́ta pé lónìí, Adéjùmọ̀kẹ́ aya mi, tí o ti kú, tí o fi wá sílẹ̀ sí Douala yìí. Inú ń bí mi! Mi ò ní purọ́ fún ọ.

Àpótí rẹ nì, ní ilé ẹ̀kọ́ tí o ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀! Ìwé owó iná mànàmáná, ìwé inú páálí oògùn, ìkéde ilé ìwòsàn ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá mú ọ̀kan gbọ́dọ̀ kà á, kó sì ṣe ohun tó wí lójú gbogbo kíláàsì. Kò pé oṣù kan tí o lọ, àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ náà kó ìwé inú rẹ̀ fún ẹlẹ́pà kan ní àdúgbò Ndogbong. Mo ra ẹ̀pà, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ni mo bá lára bébà tó fi dì í. Iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá!

Yéwándé ọmọ wa ti wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, Yéwándé tó ń sá fún ìwé! Lọ́dún yìí, wọ́n rán òun àti Elkanah, akẹgbẹ́ rẹ̀, lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Makepe, kálukú pẹ̀lú kíláàsì tirẹ̀. Ìkéde dé pé àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ ní Ọjọ́rú wá fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí kálukú mú káàdì rẹ̀ wá. Elkanah kọ ọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ sì há a sórí pátápátá. Nígbà tí Ọjọ́rú dé, ọmọ kan ṣoṣo nínú ogójì tó wà ní kíláàsì rẹ̀ ló mú káàdì wá. Àwọn nọ́ọ̀sì bá fi kíláàsì náà sílẹ̀ láìfún àwọn yòókù ní abẹ́rẹ́.

Mi ò bínú sí Elkanah. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà ló ṣe kọ́ wọn.

Nígbà tí ìkéde yẹn dé, Yéwándé bi àwọn ọmọ kíláàsì tirẹ̀ léèrè: Ọjọ́ wo? Kí lẹ máa mú wá? Ta lẹ máa sọ fún nílé? Gbogbo wọn ló gba abẹ́rẹ́. Olùbẹ̀wò tó wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni wá fún un ní máàkì mẹ́jọ nínú ogún! "Ma fille, ọmọ mi, ìyẹn ò sí nínú programme, ìlànà ẹ̀kọ́ wa." Ẹnu olùbẹ̀wò náà ló ti jáde!

Yéwándé sunkún wọlé. Mo rò pé yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a tó ń ṣa ìwé iná àti ìwé oògùn jọ káàkiri ilé. Páálí bàtà rẹ, tí mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí o ti lọ, ló ń kó wọn sí. Mi ò bá a wí.

Àárò rẹ ń sọ mí, Adéjùmọ̀kẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ síbẹ̀. Páálí náà ti ń kún.

Ògúndáre, ọkọ rẹ.