Ẹni Tí A Kì Í Bá Jiyàn

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ilé ìwòsàn láti àárọ̀ kùtù. Lọ́yà ọmọ mi gba oògùn tí wọ́n ń kán sí iṣan tán, ó bì nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń bọ̀. Kí a tó kúrò, dókítà pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn dé. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ti ń mọ́, pé jẹjẹrẹ tó wà nínú rẹ̀ ti ń sá. Ó ní kí n má tíì jó o, ìtọ́jú ṣì pọ̀ níwájú — ṣùgbọ́n òun gan-an rẹ́rìn-ín, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ máa ń le bí ẹni tí gbogbo ayé jẹ ní gbèsè.

Mo padà wọlé, mo fọwọ́ pa ọmọ mi lórí tó ń dán. N kò sọ ọ́ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dókítà ṣe? "Ẹ̀jẹ̀ rẹ kò pé" la ti ń sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà la dúró sí.

Ìṣẹ́gun, 4

Rán ṣòkòtò méjì. Ìjì, àbúrò Lọ́yà — ọmọ ọdún méje, ẹni tí kò lè rìn kó má sáré — ni mo rán lọ ra bọ́tìnnì. Òun ni mo rán gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Òun náà ni mo ní kó bu omi wá. Ó dúró, ó káwọ́ lérí: "Dádì, ṣé èmi nìkan lẹ bí ni?" Mo ní ṣé kò rí i pé ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò yá ni. Ó ní ara tòun náà kò yá, pé òun náà fẹ́ jókòó wo tẹlifíṣọ̀n. Mo fà á létí.

Lọ́yà ń wò wá láti orí àga. Ojú tó fi wo etí tí mo fà yẹn — bí ẹni tí ebi ń pa tó ń wo oúnjẹ ẹlòmíì. Kò yé mi.

Ọjọ́bọ̀, 6

Lọ́yà dédé sọ pé Àìkú ni òní. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àìkú ni. Ó wò mí títí, ó yíjú sí ògiri.

Lọ́yà tòótọ́ kọ́ nìyẹn. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Lọ́yà ni pé ó lè bá òjò jiyàn. Bí mo bá ní ilẹ̀ ti ṣú, á ní, "Ẹ̀rí dà?" Inú a máa bí mi, mo máa ń pariwo, òun náà á máa fèsì, ilé á gbóná.

Ọjọ́ tí wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà fún wa ni mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ìránṣọ mi. Mo ní, Ọlọ́run, bí ọmọ yìí bá yè, n kò ní pariwo mọ́ ọn mọ́, n kò ní rán an níṣẹ́, n kò ní bá a jiyàn láéláé. Nítorí pé ṣáájú ọjọ́ náà mo ti rán an lọ ra òwú, ó pẹ́, ó dé tó ń mí hẹlẹ, mo sì pè é ní ọ̀lẹ. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ń bá jà! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Àbámẹ́ta, 8

Lọ́yà fún Ìjì ní báàgì ilé-ìwé rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Kírẹ́yọ̀nù rẹ̀ náà, gbogbo rẹ̀. Mo yìn ín títí. Àìsàn yìí ti jẹ́ kí ọmọ mi lawọ́.

Ọjọ́ Ajé, 10

Nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn tí mo ń pè ní Oníbéèrè. Kò béèrè ibà, kò béèrè èébì. Ó ní báwo ni ayé ṣe ń rí fún Lọ́yà? Ṣé ó ń ṣeré? Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀? Kí ló ń bà á lẹ́rù? Mo ní inú rẹ̀ ń dùn, kò sí ohun tó béèrè tí a kò fún un, kò sẹ́ni tó ń bá a wí nílé. Oníbéèrè ní, "Ẹ má bínú o, bàbá, ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bi." Ó yíjú sí ọmọ. Lọ́yà ní, "Bí Dádì ṣe sọ ọ́ náà ni."

Obìnrin náà ní, "Lọ́yà tí ẹ ń ròyìn fún mi rèé?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ó rán mi lọ ra omi inú ọ̀rá. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n ló fi lé mi jáde. Nígbà tí mo padà dé, ohun kan ṣoṣo ló sọ fún mi: "Ó ní ilé yín ti dákẹ́ jù. Ẹ lọ rò ó."

Mo rò ó. Mo ra rédíò.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo ń rán ọrùn ẹ̀wù, ojú mi wà lórí abẹ́rẹ́. Lọ́yà wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní, "Dádì, nígbà tí Bàbá Àgbà ń pe àárọ̀ ní alẹ́, kí ló dé tí gbogbo yín ń sọ pé alẹ́ ni?" Bàbá mi ló ń sọ, ẹni tó kú lọ́wọ́ wa nínú ilé yìí. Mo ní, "Ẹni tó ń lọ ni. Ta ló ń bá ẹni tó ń lọ jiyàn?"

Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó dìde, ó lọ dùbúlẹ̀.

Inú mi dùn pé ó tilẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀.

Àìkú, 16

Rédíò ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Òun nìkan.

Ọjọ́ Ajé, 17

Lọ́yà kọ̀ láti lọ sí ilé ìwòsàn. A ti múra tán, ọkọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Kò pariwo o. "Dádì, ẹ jẹ́ kí n sinmi. Ẹ má da ara yín láàmú mọ́." Bí àgbàlagbà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ẹnu mi gbẹ. Ọkọ̀ lọ.

Dókítà bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní a lè fi ọjọ́ bíi mélòó kan sún un, kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Bí a bá dẹ̀yìn báyìí, ohun tó ń sá yẹn lè yíjú padà.

Ìṣẹ́gun, 18

Ìyá wọn ti ìlú kejì tó ti ń kọ́ni dé, ó bá wa bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Pàṣẹ fún un! Ìwọ kọ́ ni bàbá rẹ̀ ni?" Ó di dandan kí n jẹ́wọ́ ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́. Ó pòṣé tó gùn. "O lọ bá Ọlọ́run dúnàá-dúrà lórí ọmọ tó jẹ́ tèmi-tìrẹ, o ò sì sọ fún mi." Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Òun nìkan ló lọ gbìyànjú. Lọ́yà gbọ́ gbogbo ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì," kò sì dìde.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ọjọ́rú, 19

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo tẹ́ aṣọ àrán sórí tábìlì, ti ọ̀gá ilé-ìwé Ìyá wọn, aṣọ tí a kò lè rí irú rẹ̀ rà mọ́. Mo lọ wo áyọ́ọ̀nù. Nígbà tí mo padà, Lọ́yà dúró ti tábìlì, sísọ́ọ̀sì ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Àárín àrán gan-an, ihò tó tó àwo oúnjẹ. Kò sá. Kò fi ọwọ́ pamọ́. Ó ń dúró dè mí ni.

Ẹnu mi la fúnra rẹ̀. "Ṣé orí ẹ dàrú ni? Aṣọ olóhun lo gé yìí! Ta ló ní kó o fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì mi? Ọmọ burúkú! Òní ni wàá mọ̀ pé èmi ni mo bí ẹ!" Àwọn ará ilé kejì gbọ́. Ìjì sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun tí kò ṣe nǹkan kan.

Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi ni mo dákẹ́. Ẹ̀jẹ́ ti fọ́. Mo ń retí ẹkún.

Kò sunkún. Ó gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Dádì, ṣé mi ò ní kú mọ́?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún mi, Lọ́yà mi, bó ṣe máa ń rò ó tẹ́lẹ̀. "Ẹ kì í rán mi níṣẹ́ mọ́. Mo pe Ọjọ́bọ̀ ní Àìkú, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ ṣe ṣe fún Bàbá Àgbà. Dókítà máa ń pè yín síta kó tó sọ̀rọ̀. Mo bi yín, ẹ sì fẹnu ara yín sọ pé ẹni tó ń lọ ni a kì í bá jiyàn." Ó ní òun gé àrán kí òun lè mọ̀ dájú, torí òun mọ̀ pé bí òun kò bá ní í kú, n kò ní gbà á fún òun.

Mo sọ òótọ́ fún un. Mo sọ orúkọ àìsàn náà. Mo ní n kò mọ òpin rẹ̀, dókítà náà kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń mọ́.

Ó ní, "Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Mo sọ fún un. Kò bínú. Ó kàn ní, "Háà, Dádì." Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 20

A lọ. Ó gun ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Dókítà fẹ́ pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní kó sọ ọ́ níwájú ọmọ. Lọ́yà bi í ní ìbéèrè títí òógùn fi bo ọkùnrin náà. Oníbéèrè ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò wò mí. Ó ṣeun tí kò wò mí.

Oògùn ń wo àìsàn, mo rí i. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àkókò tó ti ń sàn bọ̀ yìí, ọmọ mi ń kú lójú ara rẹ̀, òun nìkan, lórí àga, níwájú tẹlifíṣọ̀n, tí mo sì ń fọwọ́ pa á lórí. Báàgì yẹn — ogún ló ń pín. Mo sì yìn ín. Ta ni yóò bá mi gba àwọn ọjọ́ yẹn padà?

Àbámẹ́ta, 22

Mo rán Lọ́yà lọ mú òwú dúdú nínú àpótí. Ó mú aláwọ̀ aró wá, ó ní dúdú ni. Mo ní kì í ṣe dúdú. Ó ní, "Ẹ̀rí dà?" A gbé e lọ síbi fèrèsé. Èmi ni mo jàre, ó sì ń kùn.

Ní ọ̀sán ó lọ gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ Ìjì. Ìjì ní, "Ṣebí o ti fún mi!" Ó ní ìgbà tí òun ń kú ni òun fún un, òun ò kú mọ́, kó kó o wá. Wọ́n wọ̀yá ìjà. Ariwo gba gbogbo ilé, Ìyá wọn ń pè mí pé kí n wá là wọ́n.

Mo pa rédíò. Mo jókòó, mo ń gbọ́ wọn.