Ọ̀sẹ̀ tí Wọ́n Wá Kà Wá Nínú Bọ́ọ̀sì

Àbíkẹ́yìn mi,

Ìwé yìí yóò bá ọ láyọ̀. Bí o ṣe ń jáde lówùúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa wọlé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, aláìsàn tí o bá sì fọwọ́ kàn nílé ìwòsàn tí o ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, yóò dìde, yóò sì rántí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé èyí àgbà ti ń jẹun dáadáa, àbí ó ṣì ń fi oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ àga? Ní tèmi, àlàáfíà ni mo wà, ara mi le bí òkúta. Tíṣà tó fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nílé kejì sí wa, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi gírámà bò mí mọ́lẹ̀. Ó ní òun gbọ́.

Atẹ́gùn ṣí páànù kan lẹ́yìn ilé, káfíńtà ti kàn án padà. Adìẹ funfun yẹn yé ẹyin méje, ó sàba lé wọn lọ́jọ́ kan, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ní kò burú, kì í ṣe àárín ènìyàn nìkan ni ìyá burúkú wà. Fóònù tí o rà fún mi wà nínú àpótí, mo fi aṣọ òtútù wé e dáadáa, ìdí nìyẹn tí o fi ń pè tí mi ò gbọ́. Má bínú, ohun tó wọ́n ni à ń tọ́jú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ adìẹ kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ pe Tíṣà kúrò nídìí oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ Ìyá Aránṣọ ni, ọ̀rẹ́ mi tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó rán aṣọ ilé ìwé rẹ láti kékeré. Kò sí ládùúgbò mọ́. Èmi ni mo sì fà á.

O mọ̀ pé bọ́ọ̀sì kì í gun òkè wa. Ọ̀nà ńlá ní ìsàlẹ̀ ló ń gbà, yóò dúró níwájú ìsọ̀ ọlọ́dà, yóò sì kọjá. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà tàbí sílé ìwòsàn yóò fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, nígbà tó bá ń bọ̀, yóò tún gun òkè náà tòun ti ẹrù. Nígbà tí a lágbára, a kò kà á sí. Ní báyìí, ìdajì wa ló ti di arúgbó, òkè náà kò sì kúrò níbi tó wà.

Ìyá Aránṣọ ló kọ́kọ́ ní ká bá ọ́fíìsì ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kí bọ́ọ̀sì máa yà gba àdúgbò wa. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ni wọ́n mọ̀ níbí. Ó mú téèpù tó fi ń wọn àyà àti ìdí èèyàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Yóò tẹ́ téèpù sílẹ̀, yóò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó parí sí, yóò dìde, yóò rọra fa orúnkún rẹ̀ tó ń wú, yóò tún tẹ́ ẹ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é. Bíríkìlà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa bi í pé Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ rán ṣòkòtò fún títì ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kó lọ ra aṣọ wá. Téèpù ẹgbẹ̀rin ó dín mẹ́fà ló jẹ́. Tíṣà kọ iye náà sínú ìwé ẹ̀bẹ̀, gbogbo ilé tẹ ìka sí i, ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀.

Wọ́n fèsì. Wọ́n ní àwọn yóò dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan, bọ́ọ̀sì yóò gun òkè wá lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, òṣìṣẹ́ kan yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ láti máa wò wá, wọn yóò sì fún ilé kọ̀ọ̀kan ní fọ́ọ̀mù.

Ibí yìí ni mo ti ba nǹkan jẹ́. Èmi ni mo dàgbà jù ládùúgbò, bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ṣe é. Mo pè wọ́n jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo ní àlejò ń bọ̀ wá wo ìwà wa. Mo ní ẹni tó ń tọrọ ìyàwó kì í wọ àkísà lọ sílé àna. Bí wọ́n bá rí i pé a pọ̀, tí à ń ti ara wa, wọ́n á ní a ó ba ọkọ̀ àwọn jẹ́, wọn ò sì ní padà wá. Nítorí náà, èèyàn mẹ́rin péré ni kó máa wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n múra, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Kí àwọn yòókù máa fẹsẹ̀ rìn bí wọ́n ti ń ṣe. Mo ní kí bíríkìlà má dé ibẹ̀ rárá nítorí sìmẹ́ǹtì ara rẹ̀. Mo ní kí ìyá ìbejì jókòó sílé nítorí igbe àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá Aránṣọ ti wọ bàtà, ó ti mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní kó padà sílé. Mo ní bó ṣe ń tiro yìí, kó tó gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ tán, ọ̀rọ̀ wa á ti sú dẹ́rẹ́bà, wọ́n á ní arọ ló kún ibí. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, lójú gbogbo ènìyàn.

Ó wò mí. Ó bọ́ bàtà.

Mo wọ bọ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ kìíní. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ mú nǹkan kékeré kan lọ́wọ́, bí èèyàn bá ti gbẹ́sẹ̀ wọlé, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò dún tá. Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ wa ló ń kà. Mo padà délé, mo ní kí mẹ́rin dín sí méjì, nítorí ohun tó ń dún yẹn ti ń pọ̀ jù. Títí ọ̀sẹ̀ fi parí, mò ń yọ̀ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dún mọ́.

Fọ́ọ̀mù ní tirẹ̀ ń béèrè bóyá ẹnì kan wà nínú ilé tí ìrìn ń ni lára. Àbíkẹ́yìn mi, ta ló ń jókòó ro àìsàn ilé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí? Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà, kì í ṣe pé a dúpẹ́ lèèyàn ń sọ? Mo ní kí gbogbo ilé kọ ọ́ pé kò sí, a dúpẹ́. Ìyá Aránṣọ ní òun fẹ́ kọ òtítọ́. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ kí wọ́n máa rò ó pé ilé aláìsàn ni àdúgbò wa ni. Ó ní òun kò rò ó, orúnkún òun ló ń rò ó. Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún Tíṣà, Tíṣà kọ ohun tí mo sọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó ní ta ló ń sọ̀rọ̀ níwájú mi.

Lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́tà dé. Wọ́n ní èrò tó wọkọ̀ kéré jọjọ, inú àwọn sì dùn láti gbọ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni ládùúgbò tí ìrìn nira fún, nítorí náà, bọ́ọ̀sì kò ní gun òkè. Tíṣà ṣàlàyé fún mi pé èèyàn ni ohun tó ń dún tá yẹn ń kà. Bó bá ṣe ń dún tó, bẹ́ẹ̀ ni ire wa ṣe ń pọ̀ tó. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ìyá Aránṣọ kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó ní Màmá, ẹ ṣeun o, káfíńtà wá wo òrùlé tó ń jò, ẹ lọ fi aṣọ tó dára bo ihò náà. Ó ká téèpù rẹ̀, ó wọlé.

Nígbà òjò, ó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, ó yọ̀ ṣubú létí gọ́tà. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Bíríkìlà tí mo ní kó má wọkọ̀ ló fi bárò gbé e sọ̀ kalẹ̀, bárò tó fi ń kó sìmẹ́ǹtì. Mò ń sáré tẹ̀lé wọn, mo di ọ̀pá rẹ̀ mú. Nínú bárò náà ló ti ń sọ fún mi pé kí n rọra, kí n má lọ ṣubú, nítorí bárò kan ṣoṣo ló wà.

Wọ́n ti to egungun náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú un lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀nà jìn. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ gun òkè wa mọ́ láyé. Ó ránṣẹ́ sí mi pé ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì bá ti ń dé ẹnu ilẹ̀kùn òun ni òun ń bọ̀ wálé, àti pé kí n máa da epo sí máṣíìnì òun kó má baà dípẹtà. Mò ń da epo sí i ní gbogbo Sátidé. Mi ò mọ ihò tí wọ́n ń dà á sí, ihò tí mo bá rí ni mò ń dà á sí, ilẹ̀ yàrá náà ti ń yọ̀.

Mo pe ọ́fíìsì wọn lórí fóònù Tíṣà. Tíṣà ló bá mi tẹ nọ́ńbà. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn. Mo kí i, mo kí ọkọ rẹ̀, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀. Kò dáhùn, ó ń sọ pé kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Mo ro ẹjọ́ náà fún un látòkè délẹ̀, mo tilẹ̀ sunkún díẹ̀, èmi tí o mọ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé mi ò la ẹnu. Tíṣà ní ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ tí kò mọ èèyàn kí, ta ló kọ́ ọ? Ni mo bá ní kó kọ lẹ́tà sí wọn, kó kọ ọ́ pé èmi arúgbó ni mo kó àwọn èèyàn mọ́lé, kí wọ́n má fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ àwọn yòókù. Wọ́n dáhùn. Wọ́n ní àwọn yóò tún wá kà wá fún ọ̀sẹ̀ kan, láti Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní kò ní sí ìgbà kẹta.

Nítorí náà, owó ni mò ń béèrè, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Owó ọkọ̀ ni. Fi rán ẹni tó ń bọ̀, má fi sí báǹkì, nítorí ìgbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, mo ní kí wọ́n gbé owó mi jáde kí n wò ó bóyá ó wà dáadáa, wọ́n ní inú ìwé ló wà. Mo fẹ́ kí ìyá ìbejì wọ bọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú igbe ọmọ rẹ̀, kí bíríkìlà wọ̀ ọ́ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì rẹ̀, kí àìlówó má dá ẹnikẹ́ni dúró. Mo ti kọ́kọ́ ní ká kàn máa gùn ún lọ gùn ún bọ̀ láìlọ síbì kankan, Tíṣà ní irọ́ nìyẹn, ẹni tó níbi tó ń lọ nìkan ni kó wọ̀ ọ́, a sì pọ̀ tó. Mo gbà fún un. Irọ́ àkọ́kọ́ kò tíì kúrò lọ́rùn mi.

Fọ́ọ̀mù tuntun ti dé. Tèmi ni mo ní kí Tíṣà kọ́kọ́ kọ. Ó bi mí pé ṣé ìrìn ń ni mí lára. Mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Orúnkún ọ̀tún mi ti ń wú láti ọdún méjì. Mi ò lè gun òkè yìí láìdúró lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo kàn máa ń ṣe bí ẹni tó ń wo òdòdó inú ọgbà ọlọ́gbà ni. Gbogbo ìgbà tí o ń pè mí lórí fóònù Tíṣà, tí o ń ní Màámi, ṣé ara le, tí mò ń dáhùn pé ó le, inú omi gbígbóná ni orúnkún náà wà.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kí Tíṣà kọ sókè, pé ara mi le bí òkúta, mo ní kó pa á rẹ́. Ó ní bírò ni òun fi kọ ọ́, kò ṣeé pa rẹ́. Ó wà níbẹ̀, o ti kà á. Má gbà á gbọ́. Bí o bá ń bọ̀, mú oògùn orúnkún dání, èyí tó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èyí tó kàn ń rùn.

O ò ní fẹsẹ̀ rìn níbi tó yẹ kí wọ́n ti gbé ọ. Ẹnu rẹ kò ní ṣe ọ̀rẹ́ rẹ léṣe. Àwọn ọmọ rẹ yóò máa sọ ibi tó ń dùn wọ́n fún ọ kó tó pẹ́ jù. Ọlọ́run yóò ṣe é.

Àtẹ̀ka mi nìyí. Èmi ni, ìyá rẹ tó ń tiro.