Mò Ń Lọ

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Ọ̀fà kò tóbi, àmọ́ mi ò tíì rí i tán, torí Alhaja, ìyá ọkọ mi, kì í jẹ́ kí n dá jáde. Àwọn ló mú mi lọ wo ààfin, àwọn náà ló mú mi lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ja ìjàkadì, wọ́n di ọwọ́ mi mú bí ẹni pé màá sọnù. Gbogbo àdúgbò ń kí mi ní "Ìyàwó wa." Kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ mi.

Lónìí, mo fẹ́ fojú ara mi rí ibùdókọ̀ rélùwéè. Mo wé gèlè, mo ní, "Alhaja, mò ń lọ o."

Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń jẹko láàárín irin. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí Alhaja fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ìborùn wọn ti bọ́ sí èjìká.

"Ìyàwó, ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, mà. Mo wá wòran ni."

"O ní ò ń lọ! Ṣé bí wọ́n ṣe ń jáde nílé nìyẹn? 'Mò ń bọ̀' là ń wí."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Mi ò mọ ohun tó jẹ́ kí ẹnu mi yọ̀.

Wọ́n ra ẹ̀pà fún mi lọ́nà. Wọn ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí a fi délé. Ká ní wọ́n burú ni, ì bá rọrùn.

Lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ lóòótọ́, "mò ń bọ̀" ni màá wí.