Káàdì Ọ̀run tí Mo Tẹ̀ka fún Ìyá Rẹ

Tinúadé ọmọ mi,

Èmi Adégbénró, bàbá rẹ, ni mo ń sọ̀rọ̀, Olútóyìn tó jẹ́ tíṣà ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìfaradà ọ̀wọ́n gógó Sáàpù tí àwọn ológun gbé lé wa lórí. Iná ilé iṣẹ́ bísíkítì tí o ń dúró tì ní Ọgbà kò ní í jó ọ. Ẹsẹ̀ tí o ń fi rìn láti Agége débẹ̀ nítorí pé owó ọkọ̀ ti lé, o kò ní í fi kọ.

Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó ti ń dùn mí kí á tó bí ọ. Ewúrẹ́ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ bí méjì, ọ̀kan kú. Ìjì ṣí páànù ilé ìdáná, mo ti fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi, òun àti kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù pásítọ̀ yín àti káàdì pélébé kan. Olútóyìn kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì nítorí mo rò pé ó ṣì í kà ní àkọ́kọ́. O ní pásítọ̀ yín sọ pé ìyá rẹ Sàídátù wà ní ọ̀run àpáàdì, nítorí pé ó kú láìṣe ìrìbọmi, kò sì di àtúnbí. O ní nítorí náà o kò ní í wá síbi ìrántí ọdún kan rẹ̀, o kò sì ní í sí níbẹ̀ nígbà tí a bá ń fi sìmẹ́ńtì tẹ́ sàréè rẹ̀, pé àdúrà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. O wá ní kí èmi fi orúkọ sínú káàdì yìí, tí ẹni tó bá gba Olúwa ń kọ, kí n má baà lọ bá a níbẹ̀.

Mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo yá rédíò Shuaib tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, a jọ jókòó gbọ́ ọ lábẹ́ igi iṣin. Pásítọ̀ yín mọ iná ṣàlàyé. Ó dé ibì kan tí Shuaib kò lè jẹ ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ohùn pásítọ̀ ń falẹ̀, ó ń wúwo bí ohùn ẹni tí àánú ń ṣe, títí tó fi dákẹ́ láì parí ọ̀rọ̀. Mo sọ fún Shuaib pé ọkùnrin náà ti tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rò. Bá mi kí i.

Ní ti iná, jẹ́ kí á sọ ọ́ bí àwa tí a mọ iná. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Agége, o mú mi lọ wo ààrò bísíkítì yín. Mo rí i pé àwọn èèyàn ló ń pín ìṣọ́ rẹ̀ láàárín ara wọn, ọ̀gá yín sì sọ fún mi pé àwọn máa ń pa á bí epo bá wọ́n. Mo bi Olútóyìn léèrè pé ta ló ń ra epo ti ọ̀run àpáàdì nínú Sáàpù yìí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ya bébà yìí létí, bí o ti ń rí i yẹn.

Mo tún rí i pé ohun tó tutù ni ẹ ń kì bọ ààrò náà. Èyí tó bá ti jinná, ẹ ń gbé e jáde ni, ẹ kì í dá a padà. Ogójì ọdún ni ìyá rẹ fi jókòó ti iná àdín, ojú rẹ̀ pọ́n títí ó fi kú. Ó sin ọmọ mẹ́ta, ọwọ́ mi ni mo fi gbẹ́ ilẹ̀ méjì nínú wọn. Kí ló wá kù lára obìnrin náà tí kò tíì jinná?

Ní ti ìrìbọmi, òótọ́ ni pé ó ń gba ààwẹ̀ àwọn baba rẹ̀, mi ò sì bá a jà sí i. Ṣùgbọ́n ọdún tí a kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa, òun ló ń pọn omi tí a fi po amọ̀, pẹ̀lú oyún rẹ nínú. Omi náà wà nínú ògiri títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá ní omi ṣọ́ọ̀ṣì kò kàn án, kí wọ́n yọ tirẹ̀ kúrò nínú ògiri, ká wo ohun tí yóò dúró.

Ó wá ku káàdì. Nígbà tí àìsàn pa Àlàmú ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìkẹjà, ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù síwájú mi. Mo ní ọmọ mi ló ni ín, kí ni tèmi níbẹ̀. Akọ̀wé wọn ní òkú kò lè tẹ̀ka, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló ń bá a tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ yóò sì jáde. Mo tẹ̀ ẹ́. Bàtà rẹ̀ jáde, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, aago rẹ̀ jáde. Bí ìwé ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Èkó nìyẹn. Nítorí náà mo ti tẹ káàdì ọ̀run fún ìyá rẹ. Ta ló sún mọ́ ọn jù mí lọ?

Níbi orúkọ, a kọ Sàídátù, a kọ Adégbénró sí abẹ́ rẹ̀ gan-an kí wọ́n má baà yà wá. Níbi àdírẹ́sì, a kọ ibi tí sàréè rẹ̀ wà: ẹ̀yìn ilé ìdáná, lábẹ́ igi iṣin. Níbi iṣẹ́, àdín ṣíṣe. Nígbà tó kan ọjọ́ tó gba Olúwa, ẹ̀rù ba Olútóyìn, ó ní àwọn alààyè nìkan ni káàdì náà wà fún. Mo bi í pé ṣé alààyè ló ń lọ sọ́run. Ó kọ ọdún tí ìyá rẹ pọn omi. Àtàǹpàkò òsì mi ni tirẹ̀, ọ̀tún ni tèmi.

Fi ọwọ́ ara rẹ gbé e fún akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì yín. Bí wọ́n bá bèèrè fọ́tò, èyí tó yà ní Abúlé Ẹ̀gbá nígbà tó wá wẹ ọmọ fún ọ wà lọ́wọ́ rẹ. Bí wọ́n bá gbà á, ìyá rẹ ti jáde nìyẹn, kò sí ohun tó tún dí ọ lọ́wọ́ àtiwá. Bí wọ́n bá ní àwọn yóò fi tèmi sílẹ̀ kí àwọn pa tirẹ̀ rẹ́, gba káàdì náà padà lọ́wọ́ wọn. Mi ò ní í lọ jókòó síbi dáradára tí n kò ti mọ ẹnì kan. Kí o sì wá bákan náà.

Fi owó sìmẹ́ńtì àpò mẹ́rin ránṣẹ́. Bírikìlà ní méjì tó fún sàréè kan, mo ní kó wọn ilẹ̀ fún méjì, kó tẹ́ ti ìyá rẹ, kó fi ààlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún mi. Bí owó kò bá sí, gbé ara rẹ wá, èmi yóò mọ bí mo ṣe máa rí sìmẹ́ńtì. Mú bísíkítì fífọ́ dání, òun ni eyín mi lè jẹ.

Ọlọ́run tó ń wò ọ́ níwájú ààrò yóò mú ọ délé. Wàá gbó, wàá tọ́. Ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́, yóò sì wá dúró lórí sàréè rẹ, kò ní í bi pásítọ̀ kankan léèrè ibi tí o wà kó tó wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adégbénró. Àtàǹpàkò mi nìyí.